Níbo ni Òṣómàáló Lóṣòó Sí? Ìtàn Pèpéle àti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti gbọ́njú tí kò mọ̀ pé àwọn Ìjẹ̀ṣà ni a ń pè ní òṣómàáló. Aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá àti kọjá rẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Nígbà tí ọjọ́ owó bá pé, oníṣòwò náà yóò padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ra ọjà. Wọn yóò fún un ní àga, yóò kọ̀ ọ́. Òṣó ni òun yóò ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ni ó sì ti fi ṣe àpẹẹrẹ bí odidi gbólóhùn ṣe ń di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà béèrè: níbo gan-an ni oníṣòwò yìí lóṣòó sí?

Kò lè jẹ́ inú yàrá, nítorí pé àlejò kì í ṣàdédé wọ yàrá onílé. Kò sì lè jẹ́ ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a ti ń dáná, tí a ti ń wẹ̀, tí ojú ayé kò tó. Iwájú ilé ni, lẹ́bàá pèpéle, níbi tí ẹni tí ń lọ sí oko àti ẹni tí ń ti ọjà bọ̀ yóò ti rí i, tí wọn yóò sì máa bi ara wọn pé kí ni ó dé. Òṣómàáló kì í fi agbára apá gba gbèsè. Ojú àwọn aládùúgbò ni ó fi ń gbà á. Bí ilé onígbèsè bá ní ògiri gíga yí ká, tí géètì onírin wà lẹ́nu rẹ̀, tí ajá sì ń gbó nínú ọgbà, òfo ni òṣó tí ó bá ló. Òwò náà, pẹ̀lú gbogbo òkìkí rẹ̀, gbára lé irú ilé kan. Ìtàn ibi ìjókòó ilé náà ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí pé ó ń lọ lójú wa, àwọn ọmọ tí a ń kọ́ kò sì mọ ohun tí ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ la àwọn ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Pèpéle ni ìjókòó amọ̀ tí a mọ mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, tí ó ga tó orúnkún tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, tí ènìyàn lè jókòó sí tàbí kí ó nà gbalaja lé lórí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ibi gbọọrọ tí òrùlé bò níwájú àwọn yàrá, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣí sílẹ̀, tí òpó sì gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Ìloro ni ẹnu ọ̀nà abẹ́ òrùlé tí a ń gbà wọ agbo-ilé. Gbàgede ni ojú ilẹ̀ tí kò ní òrùlé. Mo mọ̀ pé ìlò àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ní kíláàsì, mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìtumọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ láìwo ìwé. Àwọn kan á kọ pálọ̀; àwọn kan á kọ ọ̀nà tóóró tí ó la àárín ilé já. Ọdún kan wà tí ọmọ kan kọ ọ́ pé ibi tí bàbá àgbà máa ń jókòó sí nínú ìwé ìtàn ni. Mo fún un ní máàkì.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò ilé kíkọ́. Wọn yóò wa ilẹ̀ pupa nítòsí ibi tí ilé yóò wà, wọn yóò da omi sí i, àwọn ọ̀dọ́kùnrin yóò sì máa fi ẹsẹ̀ pò ó títí yóò fi kúnná tí yóò sì lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: àna, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ ni yóò wá, oúnjẹ àti ẹmu sì ni owó iṣẹ́ wọn. A kì í mọ ògiri tán lọ́jọ́ kan. Wọn yóò mọ ìpele kan, tí ó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1 àbọ̀ tàbí 2, wọn yóò fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá kánjú, ògiri rẹ̀ yóò wó lé e lórí. Lẹ́yìn tí ògiri bá ti dúró, tí òrùlé sì ti wà lórí rẹ̀, ni wọn yóò wá mọ pèpéle mọ́ ìdí rẹ̀, tí àwọn obìnrin ilé yóò fi amọ̀ kíkúnná rẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ yóò fi jọ̀lọ̀.

Àwọn tí ó bá rò pé nítorí ìjókòó nìkan ni a ṣe ń mọ pèpéle kò tíì wo ilé amọ̀ dáadáa. Omi ni ọ̀tá irú ilé bẹ́ẹ̀. Òjò tí ó bá ti etí òrùlé já bọ́ yóò ta padà sí ẹsẹ̀ ògiri, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa jẹ ẹ́ wọnú, títí ìdí ògiri yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́ ju orí rẹ̀ lọ. Nígbà náà, ìṣubú kò jìnnà mọ́. Pèpéle ni ó ń gba ìyà yìí jẹ. Òun ni òjò ń nà, òun ni ewúrẹ́ ń fi ara ha, òun ni ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ gún. Ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀ ní àlàáfíà. Bí òjò ọdún bá ti dáwọ́ dúró, wọn yóò pò amọ̀ díẹ̀, wọn yóò tún un rẹ́. Ó rọrùn kí á tún pèpéle ṣe lọ́dọọdún ju kí á tún ilé kọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ilé amọ̀ àtijọ́ kan tí ìdí rẹ̀ ti jẹ, ẹ wo iwájú rẹ̀: ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti gé pèpéle rẹ̀ kúrò kí gọ́tà tàbí ọkọ̀ lè rí àyè kọjá.

Ọ̀pọ̀ onílé ni ó rò pé símẹ́ńtì ni yóò gba àwọn sílẹ̀. Wọn a fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ilé á sì dán fún ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n símẹ́ńtì kì í jẹ́ kí amọ̀ mí. Omi tí ó bá fà wọlé láti ìsàlẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, amọ̀ á máa rọ̀ lábẹ́, símẹ́ńtì á sì máa bó kúrò bí èèpo iṣu. Ó dára kí olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti olùkọ́ Yorùbá jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí níwájú akẹ́kọ̀ọ́.

Èyí tí a ti ń sọ bọ̀ wà ní ìta. Inú agbo-ilé ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà ní tirẹ̀. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe irú ilé yìí fún wa: àwọn yàrá tí a kọ́ yí gbàgede ká, tí ògiri wọn kò ga, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú wọn. Ó sọ nípa kọ̀bì pẹ̀lú, ìyẹn òrùlé gíga tí ó yọrí síta láti ara ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó jẹ́ àmì ilé ọba àti ti ìjòyè. Mẹ̀kúnnù kò gbọdọ̀ kọ́ ọ. Ẹ ò rí i pé bí a ṣe ń jókòó ní ìta ní òfin tirẹ̀? Ní ìhà Ọ̀yọ́ níbi tí ọ̀dàn wà, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ó jẹ́ igbó, ewé gbòdògì ni. Òrùlé wọ̀nyí máa ń wá sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà yóò fi tẹrí ba kí ó tó wọ abẹ́ wọn. Àwọn òyìnbó tí ó kọ́kọ́ rí i pè é ní òkùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tutù, òjò kì í sì í fẹ́ wọ ibẹ̀.

Ní abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni baálé ilé ń jókòó sí láti parí ìjà láàárín ìyàwó ilé méjì. Ibẹ̀ ni òfì àwọn obìnrin ń wà, nítorí pé òfì olóròó kò ṣeé gbé síta nínú òjò. Ibẹ̀ ni a ti ń gba àlejò tí kò tíì di ẹni yàrá. Òpó tí ó gbé e ró lè jẹ́ igi lásán, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá. Aládùúgbò wa ní Èkìtì, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ òpó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú wọn, tí ọba jókòó níwájú tí olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Art Institute ní Chicago lónìí. Àwọn ènìyàn ń sanwó kí wọ́n tó wò ó. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní rántí ni pé òrùlé ni igi náà gbé, àti pé àwọn tí ó wá dá ẹjọ́ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àtúnṣe ńlá àkọ́kọ́ tí ó dé bá irú ilé yìí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá láti inú ogun àti ẹrú. Ìbàdàn ṣẹ́gun Iléṣà ní 1870. Láàárín 1877 sí 1893 ni ogun Kírìjì fi jà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Nínú àwọn ogun tí ó ṣáájú wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni a kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, àwọn mìíràn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú sì bá ara wọn ní Sàró. Àwọn kan padà. Nínú àwọn tí ó ti Bàhíà padà sí Èkó ni João Esan da Rocha, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà láti ilẹ̀ baba rẹ̀. Ilé rẹ̀ ní òpópó Kakawa ni a mọ̀ sí Ilé Omi, òun sì ni Antonio Olinto, òǹkọ̀wé Brazil, gbé ìtàn àròsọ rẹ̀ *A Casa da Água* (1969) lé. Ọmọ rẹ̀, Candido da Rocha, di ọ̀kan lára àwọn olówó Èkó tí gbogbo ayé mọ̀.

Àwọn Àgùdà wọ̀nyí, tí wọ́n ti ń padà bọ̀ láti àwọn ọdún 1830, mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀ láti òkè òkun. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní Èkó ní 1894. Ilé tiwọn kò yí gbàgede ká. Ó dojú kọ òpópó tààrà. Ọ̀nà kan la àárín rẹ̀ já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ibi ìjókòó kan á yọrí síta lókè pẹ̀lú ọwọ́ ìdìmú símẹ́ńtì tí a fi òdòdó tàbí kìnnìún ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ìlú tí ó fẹ́ràn ọ̀làjú ni Iléṣà, ó sì tètè rí àwòkọ́ṣe. Frederick Haastrup, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti gbé ní Sàró àti Èkó, tí ó sì jẹ́ onígbàgbọ́, ni ó jọba ní 1896 gẹ́gẹ́ bí Ọwá Ajímọ̀kọ̀ Kìíní, títí di 1901.

Ní ibi yìí ni ìdáhùn wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n ń kọ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tóóró inú ilé. Wọn kò parọ́. Nígbà tí ilé yí padà, ọ̀rọ̀ náà kò kú. Ó ṣí lọ sí ibi tí ó jọ ọ́ jù nínú ilé tuntun, ìyẹn ọ̀nà tí gbogbo yàrá ṣí ilẹ̀kùn sí. Pálọ̀ náà sì gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá ru ìtumọ̀ mẹ́ta, ó sì jẹ́ pé bí ẹ bá bi ẹni 70 ọdún àti ẹni 17 ọdún ní agboolé kan náà, ẹ óò gbọ́ ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ni ó mú kí ilé tuntun náà ṣeé kọ́ fún ẹni tí kì í ṣe ọlọ́lá. Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Kò dé Iléṣà rí. Òṣogbo wá di ọjà ńlá tí páànù, símẹ́ńtì àti aṣọ òyìnbó ń já sí, tí kòkó àti èkùrọ́ sì ń gbà lọ sí etíkun. Àárín ìlú méjèèjì kò ju bí 30 kìlómítà lọ. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù kí ọ̀nà ọkọ̀ tó dé. Kì í sì í ṣe àjèjì ni ìlú méjèèjì sí ara wọn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láròóyè, ọba àkọ́kọ́ Òṣogbo, ti ṣí wá. Ẹ ronú sí ohun tí páànù ṣe nìkan. Ewé gbòdògì ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè, páànù kò fẹ́. Ṣùgbọ́n páànù wúwo lápò, ẹni tí ó bá rà á kò fẹ́ kí ó yọ ju ògiri lọ jìnnà. Etí òrùlé wá kúrú, òòrùn àti òjò sì rí pèpéle gbá lójú. Àwọn tí ó mọ́gbọ́n dá sí i na páànù síta, wọ́n gbé e lé òpó símẹ́ńtì. Ìyẹn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé tí a ṣì ń rí ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ìlú méjèèjì.

J. D. Y. Peel, tí ìwé rẹ̀ *Ijeshas and Nigerians* jáde ní 1983, ti fi hàn bí òwò òṣómàáló ṣe tan ọmọ Ìjẹ̀ṣà ká gbogbo Nàìjíríà, àti bí wọ́n ṣe ń mú owó náà padà wálé. Ilé ni owó náà ń dà. Ọkùnrin tí ó lè lo ọdún púpọ̀ ní ìdálẹ̀, tí ó ń sun yàrá kan, tí ó ń jẹ ìwọ̀nba, yóò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Iléṣà tí òun fúnra rẹ̀ kò ní gbé títí di ọjọ́ ogbó. Ohun tí ó wù mí jù nínú ìtàn yìí nìyí: ẹni tí ó fi òṣó níwájú ilé onílé kó owó jọ, ibi ìjókòó iwájú ilé ni ó náwó lé jù nígbà tí ó di onílé. Ọwọ́ ìdìmú símẹ́ńtì, òpó onídodo, àga onígi tí ó tẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òkè ni ó jókòó sí. Láti orí pèpéle, ojú ẹni àti ojú ẹni tí ń kọjá ṣe déédéé. Wọn yóò kí ara wọn, ẹni tí ó bá rẹ̀ yóò sì yà jókòó láìtọrọ àyè. Láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹnì kan ń wo ilẹ̀, ẹnì kejì ń wo òkè. N kò sọ pé ìgbéraga ni. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí atẹ́gùn òkè. Mo kàn ń sọ pé ohun tí ìjókòó ń ṣe ti yí padà, kí géètì onírin kankan tó dé.

Òṣogbo fi ọ̀nà mìíràn hàn wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àlejò ni ó kọ́kọ́ ya ojú sí i. Ulli Beier àti Susanne Wenger dé Nàìjíríà ní 1950, wọ́n sì gbé ní Ẹdẹ àti Ìlobùú kí wọ́n tó wá sí Òṣogbo. Ilé aláràmbarà irú ti Àgùdà kan ní òpópó Ìbòkun, ọ̀nà tí ó já sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni Wenger gbé títí ó fi kú ní January 2009 ní ẹni 93 ọdún. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ di ẹgbẹ́ Mbari Mbayo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 yìí ni Beier ké sí àwọn bíríkìlà ìlú pé kí wọ́n wá fi símẹ́ńtì mọ ẹranko, irú èyí tí ó wà lórí àwọn ilé Àgùdà, kí á lè mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dáa jù. Adébísí Àkànjí ni ó yọ láàárín wọn. Bíríkìlà ni, kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan. Láti ara iṣẹ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi símẹ́ńtì ṣe ògiri onídárà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, tí ènìyàn, ẹyẹ àti ẹranko so kọ́ ara wọn nínú rẹ̀. Òun àti Wenger sì jọ ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún ayé ní 2005.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu ba Àkànjí ni pé ó yanjú ìṣòro kan tí àwọn ayàwòrán ilé wa kò tíì yanjú. Onílé ń fẹ́ ààbò, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn àti ojú ayé. Ògiri onídárà fún un ní gbogbo rẹ̀: olè kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, ìkíni lè gbà á. Ohun tí a yàn dípò rẹ̀ ni bùlọ́ọ̀kù mẹ́sàn-án gbá ògiri tí a fi àfọ́kù ìgò gún lórí. Láti àwọn ọdún 1970 tí owó epo rọ̀bì dé, tí adigunjalè sì di ẹrù jẹ̀jẹ̀, ni a ti ń kọ́lé lọ báyìí. Nígbà tí Òṣogbo di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní August 1991, àwọn àdúgbò tuntun tí ó yọ ní ẹ̀yìn ìlú jẹ́ onígéètì láti ilé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé àtijọ́ pàápàá, a ti fi irin dí wọn. Bàbá tí ó jókòó sínú rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Ẹ má ṣe dá onílé lẹ́bi o. Ẹni tí olè ti wọ ilé rẹ̀ rí ni yóò mọ ìdí.

Bí ìjókòó ṣe wá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Àwọn tí ó lówó lọ́wọ́ ti ń da kọnkéré sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n ń tẹ́ táìsì sí i, wọ́n ń fi páànù aláwọ̀ bò ó. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà ni ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ní ọ̀hún, pákó ni wọ́n fi ń kàn án, wọ́n ń pè é ní *deck*, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ilẹ̀ pákó orí ọkọ̀ ojú omi. Ìtàn tiwọn náà yani lẹ́nu. Iwájú ilé ni àwọn Amẹ́ríkà ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gba òpópó, tí tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ amúlétutù sì kó wọn wọlé, ni ibi ìjókòó iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ nínú àwọn ilé tuntun, tí pákó ẹ̀yìnkùlé sì rọ́pò rẹ̀. Èyí tí ó jọ mí lójú jù ni pé ní 1976, onímọ̀ kan, John Michael Vlach, kọ̀wé pé ilé tóóró àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú New Orleans, tí yàrá tẹ̀lé yàrá, gba Haiti wá láti ilé oníyàrá méjì ti Yorùbá, àti pé ọwọ́ àwọn ará Áfíríkà wà nínú àṣà ìjókòó níwájú ilé tí Amẹ́ríkà ń pè ní tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni ó gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ìjókòó iwájú ilé ti ọ̀dọ̀ wa lọ, ti ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sì fi ránṣẹ́ padà.

N kò ní ohun kan lòdì sí ìjókòó ẹ̀yìnkùlé. Ó tutù, ariwo kò sí níbẹ̀, ẹbí lè jẹun pọ̀. Àmọ́ ẹni tí a bá pè nìkan ni ó ń débẹ̀. Aládùúgbò kò ní yà síbẹ̀ lójijì. Ọmọ ilé kejì kò ní gbọ́ àlọ́ tí bàbá àgbà ń pa níbẹ̀. Bí àgbà kan bá ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀sán, tí ará ilé ti lọ síbi iṣẹ́, ta ni yóò rí i? Ìṣẹ̀lẹ̀ irú èyí kò ṣàjèjì sí wa mọ́. Nígbà tí ó jẹ́ pèpéle ni, ẹni mẹ́wàá ti kí i kí ó tó di aago 12.

Gbèsè ńkọ́? Gbèsè kò dáwọ́ dúró. Láìpẹ́ yìí ni àwọn ètò ayánilówó orí fóònù gba ìgboro. Bí onígbèsè kò bá san owó lọ́jọ́ tí ó yẹ, àwọn kan nínú wọn a fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀, wọ́n á ní olè ni. Ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí FCCPC, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo oníbàárà, fi gbé òfin ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún wọn ní 2022. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń sọ pé òṣómàáló ayé òde òní nìyẹn. Mo máa ń ní kí wọ́n tún un rò. Òṣómàáló gbé ara tirẹ̀ wá. Òòrùn pa á, ebi pa á, orúnkún dùn ún. Ojú rẹ̀ àti ojú onígbèsè ń pàdé, aládùúgbò sì wà nítòsí tí ó lè dá sí ọ̀rọ̀ náà, tí ó lè sọ pé kí ó fi ọjọ́ mẹ́ta kún un, òun dúró fún un. Ìtìjú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n onídùúró náà wà níbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀kọ́ yìí hàn kò ní láti rìn jìnnà. Ní àwọn àdúgbò tí ó wà lẹ́yìn ààfin Ọwá ní Iléṣà àti ní àárín ìgboro Òṣogbo, ilé amọ̀ tí pèpéle rẹ̀ ṣì wà kò tíì tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ọdọọdún ń mú lára wọn lọ. Téèpù oníwọ̀n kan, ìwé àti bírò ti tó. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ kí onílé, kí wọ́n tọrọ àyè, kí wọ́n wọn gíga pèpéle àti fífẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n wọn bí etí òrùlé ti jìnnà sí ògiri tó, kí wọ́n sì bi àgbà ilé léèrè orúkọ tí ó ń pe apá kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ orúkọ náà bí àgbà náà ti pè é gẹ́lẹ́, ní ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà tàbí ti Òṣogbo, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn tún un ṣe sí ti ìwé. Bí onílé bá sì ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n jókòó.